Ìtọ́jú Ìpadàsẹ́yìn, Ayé Ìṣáájú àti Ìrántí Ìgbà Èwe: Ohun Tí Àwọn Èèyàn Máa Ń Bèèrè

Fídíò àwọn tó dùbúlẹ̀ sórí àga, tí wọ́n dijú, tí wọ́n ń ròyìn bí wọ́n ṣe kú ní ayé tí wọ́n ti wá rí, ti gba orí fóònù kan. Wọ́n ń bèèrè nípa rẹ̀ ní Ìbàdàn, wọ́n ń bèèrè ní London. Ẹni tó bá ń kánjú, ohun kan ni mo fẹ́ kó dì mú nínú gbogbo ohun tí mo kọ sísàlẹ̀ yìí: ohun tó bá jáde lẹ́nu èèyàn níbẹ̀ lè tù ú nínú, ṣùgbọ́n kò tó ẹ̀rí láti fi ka ẹ̀sùn sí ẹnikẹ́ni lọ́rùn, pàápàá òbí ẹni.

Kí ni wọ́n ń pè ní ìtọ́jú ìpadàsẹ́yìn?

Òun ni àwọn Òyìnbó ń pè ní regression. Olùtọ́jú á mú kí ọkàn èèyàn rọ̀, á wá máa fi ọ̀rọ̀ ẹnu darí rẹ̀ lọ sẹ́yìn. Ọ̀nà méjì ló pín sí. Èkíní kò kọjá ayé tí a wà yìí: wọ́n á ní kí ẹ padà sí ìgbà tí ẹ jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá, ọmọ ọdún márùn-ún, títí dé ìgbà tí ẹ ń rákòrò, kí ẹ lè rí ibi tí ẹ̀rù tàbí ìbànújẹ́ tó ń bá yín fínra ti bẹ̀rẹ̀. Èkejì ré kọjá ọjọ́ ìbí, ó wọ ayé tí wọ́n ní ẹ ti gbé kí wọ́n tó bí yín. Èrò tó wà nídìí méjèèjì kò yàtọ̀: pé ohun tó ń yọ èèyàn lẹ́nu lónìí ní gbòǹgbò kan tó ti gbàgbé, bí ojú rẹ̀ bá sì ti ta á, ìyọnu náà á tú.

Ẹ má dà á pọ̀ mọ́ ìtọ́jú ọkàn tí aláìsàn ti ń jókòó bá dókítà sọ̀rọ̀ nípa ohun tí òun fúnra rẹ̀ rántí. Ìyẹn ní ẹ̀rí lẹ́yìn dáadáa. Èyí tí à ń sọ níbí ń wá ohun tí ẹni náà kò rántí rárá.

Kí ló máa ń ṣẹlẹ̀ nínú yàrá náà?

Wọ́n á dín iná kù, orin jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ á máa lọ lábẹ́lẹ̀. Ẹ ó dùbúlẹ̀ tàbí kí ẹ fẹ̀yìn ti àga, wọ́n á fi aṣọ bo ẹsẹ̀ yín. Olùtọ́jú á ní kí ẹ dijú, kí ẹ mí kanlẹ̀, kí ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ rọ̀, kí orúnkún rọ̀, kí èjìká rọ̀. Èyí nìkan lè gbà tó ogún ìṣẹ́jú. Lẹ́yìn náà ni yóò máa kà sẹ́yìn, mẹ́wàá, mẹ́sàn-án, mẹ́jọ, bí ẹni pé ẹ ń sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Ilẹ̀kùn kan wà nísàlẹ̀. Á ní kí ẹ ṣí i. Á wá bèèrè pé, “Wo ẹsẹ̀ rẹ. Irú bàtà wo lo wọ̀?”

Ibí gan-an ló yẹ kí ẹ dẹtí sí. Ẹni tó dùbúlẹ̀ náà kò tíì rí nǹkan kan, wọ́n sì ti ń bi í ní irú bàtà tó wọ̀. Ìbéèrè náà ti gbà pé ẹsẹ̀ kan wà níbẹ̀, pé ẹsẹ̀ náà kì í ṣe tòní. Ọkàn tó ti rọ̀, tó sì fẹ́ ṣe ohun tí wọ́n rán an, á wá ìdáhùn mú wá dandan. “Sálúbàtà aláwọ̀.” “Ṣé ọkùnrin ni ọ́ àbí obìnrin?” “Ọkùnrin.” “Kí ló wà níwájú rẹ?” “Ọjà. Ẹṣin wà níbẹ̀.” Báyìí ni ìtàn ṣe ń gùn, ìbéèrè lórí ìbéèrè. Níkẹyìn, wọ́n á ní kó lọ sí ọjọ́ tó kú, kó dúró lókè wo òkú ara rẹ̀, kó sọ ẹ̀kọ́ tí ayé náà kọ́ ọ. Wọ́n á kà síwájú, á la ojú. Gbogbo rẹ̀ lè gbà tó wákàtí méjì.

Ṣé oorun ni? Ṣé mi ò ní há síbẹ̀?

Hypnosis, bí wọ́n ṣe ń pe ọ̀nà tí olùtọ́jú ń gbà fi ọ̀rọ̀ ẹnu mú ọkàn rọ̀ yìí, kì í ṣe oorun. Ẹ ń gbọ́ ohun tó ń lọ, ẹ mọ yàrá tí ẹ wà, ẹ sì lè dìde kí ẹ máa lọ nígbàkígbà. Kò sẹ́ni tó ń há síbẹ̀. Ohun tó yí padà ni pé ọkàn yín pọ̀ sójú kan, ó sì ti rọrùn fún un ju ti tẹ́lẹ̀ lọ láti gba ohun tí olùdarí bá fi síwájú rẹ̀.

Ta ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀?

Ọ̀gá ológun ará Faransé kan, Albert de Rochas, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ dán an wò. Ọdún 1911 ló tẹ ìwé jáde lórí àwọn tó dá padà sí ayé ìṣáájú. Allan Kardec, ọmọ ilẹ̀ Faransé bíi tirẹ̀, ti ṣáájú rẹ̀ láti ọdún 1857 pẹ̀lú ẹ̀kọ́ rẹ̀ nípa ẹ̀mí tó ń tún ayé wá. Ẹ̀kọ́ Kardec kọjá òkun lọ sí Brazil, ó fìdí múlẹ̀ níbẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀sìn òrìṣà tí àwọn tiwa gbé dé ibẹ̀, títí dòní sì ni àwọn ará Brazil ṣì ń sọ̀rọ̀ ayé ìṣáájú bí ohun tí kò ṣàjèjì.

Ẹni tó sọ ọ́ di ìlúmọ̀ọ́ká láyé òde òní ni Brian Weiss, oníṣègùn ọpọlọ ní Miami. Lọ́dún 1980, ó ń tọ́jú obìnrin kan tó sọ ní Catherine, ẹ̀rù ń bà á, oorun kì í kùn ún. Ó fi hypnosis darí rẹ̀ sí ìgbà èwe, obìnrin náà sì ré kọjá ìgbà èwe bọ́ sí ayé mìíràn. Weiss kọ ìwé nípa rẹ̀ lọ́dún 1988, ìwé náà sì tà káàkiri ayé. Láti ìgbà náà ni iṣẹ́ yìí ti di òwò.

Mo gbọ́ nípa obìnrin ará Amẹ́ríkà kan tó padà di ará Ireland. Ṣé òótọ́ ni?

Òótọ́ ni pé ó ṣẹlẹ̀ nínú yàrá. Lọ́dún 1952, ní ìlú Pueblo ní ìpínlẹ̀ Colorado, oníṣòwò kan tó ń jẹ́ Morey Bernstein, tó kọ́ hypnosis fúnra rẹ̀, darí ìyàwó ilé kan, Virginia Tighe, sẹ́yìn. Obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ bí ará Ireland. Ó ní orúkọ òun ni Bridey Murphy, pé ìlú Cork ni wọ́n bí òun sí lọ́dún 1798, pé ilé ọkọ òun wà ní Belfast, pé òun ṣubú lórí àtẹ̀gùn, òun sì kú lọ́dún 1864. Ìwé Bernstein jáde lọ́dún 1956, ó sì gba ìgboro. Àwọn èèyàn ń ṣe àríyá tí wọ́n ti ń múra bí ẹni tí wọ́n jẹ́ láyé ìṣáájú.

Àwọn oníròyìn rìn dé Ireland. Wọn kò rí àkọsílẹ̀ ìbí, ìgbéyàwó tàbí ikú tó bá ti Bridey mu. Àwọn tó gbè é lẹ́yìn ní ohun kan lọ́wọ́: àwọn ọlọ́jà méjì tó dárúkọ wà ní Belfast lóòótọ́ nínú ìwé orúkọ àwọn ará ìlú náà. Àmọ́ ìwé ìròyìn kan ní Chicago lọ wádìí níbi tí Virginia ti dàgbà, wọ́n sì bá ìyá kan tó ṣí wá láti Ireland tó ń gbé ní òdìkejì ojú pópó ilé wọn. Bridie Murphy Corkell ni orúkọ rẹ̀. Murphy ni orúkọ ilé bàbá rẹ̀. Àwọn èèyàn ṣì ń jiyàn lórí bí Virginia ṣe mọ ìyá náà tó, ṣùgbọ́n lójú tèmi, ọmọ tó dàgbà sí ojú pópó kan náà pẹ̀lú Bridie Murphy kò nílò kó rin ìrìn àjò dé ọdún 1798 kó tó gbọ́ orúkọ yẹn.

Tí kì í bá ṣe ayé ìṣáájú, níbo ni ìtàn wọ̀nyí ti ń jáde? Àwọn kan ń sọ ohun tí wọn kò kọ́ rí.

Láti inú ohun tí wọ́n ti kà, tí wọ́n ti gbọ́, tí wọ́n ti wò, tí wọn kò sì mọ̀ mọ́ pé wọ́n ti bá a pàdé. Iyè inú a máa tọ́jú nǹkan, á sì gbàgbé ibi tó ti rí i.

Èyí tó yé mi jù lọ ṣẹlẹ̀ ní ìlú Oulu ní Finland. Reima Kampman, oníṣègùn ọpọlọ, fi hypnosis dá àwọn ọmọ ilé ìwé padà. Ọmọbìnrin kan ní òun ti jẹ́ ọmọ onílé-èrò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láyé àtijọ́, ó sì kọ orin kan ní èdè Gẹ̀ẹ́sì àtayébáyé, orin ẹyẹ tó ń ké nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, èyí tó ti wà láti ọ̀rúndún kẹtàlá. Ẹ fojú inú wo bí ara àwọn tó wà níbẹ̀ yóò ṣe bù máṣọ. Kampman kò dá a dúró síbẹ̀. Nígbà mìíràn tó tún darí ọmọ náà, ó ní kó lọ síbi tí òun ti kọ́kọ́ bá orin yẹn pàdé. Ọmọ náà ní òun ṣí ìwé kan nípa ìtàn orin wò fìrí nígbà tí òun jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàlá. Orin náà wà nínú ìwé yẹn lóòótọ́.

Ní Cardiff ní ilẹ̀ Wales náà, obìnrin kan tí wọ́n fún ní orúkọ Jane Evans ka ayé mẹ́fà kalẹ̀ fún Arnall Bloxham, ẹni tó ń fi hypnosis dá èèyàn padà, tẹlifíṣọ̀n BBC sì gbé e jáde lọ́dún 1976. Ọ̀kan nínú àwọn ayé náà ṣẹlẹ̀ ní ìlú York lábẹ́ ìjọba Róòmù. Olùwádìí kan, Melvin Harris, ló wá rí i pé inú ìwé ìtàn àròsọ kan tí wọ́n tẹ̀ lọ́dún 1947 ni ayé York ti wá. Ohun tó tú u fó ni pé àwọn tí òǹkọ̀wé fi orí ara rẹ̀ dá, tí wọn kò gbé ayé rí, wà nínú ìtàn obìnrin náà bí aládùúgbò. Mi ò gbà pé irọ́ ló ń pa. Ó kà á, ó gbàgbé, ó sì padà bọ̀ wá bí ìrántí.

Nicholas Spanos, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá ní Carleton University ní Canada, ló wá dán an wò lọ́nà ìmọ̀ ìjìnlẹ̀, ó sì tẹ èsì rẹ̀ jáde lọ́dún 1991. Ó sọ fún àwọn kan ṣáájú pé láyé àtijọ́, wọ́n máa ń fìyà jẹ ọmọdé púpọ̀. Àwọn wọ̀nyẹn ni wọ́n wá ń rí ara wọn bí ọmọ tí wọ́n fìyà jẹ láyé ìṣáájú, ju àwọn tí kò sọ ọ́ fún lọ. Ọ̀kan nínú àwọn tó dá padà ní òun ni Julius Caesar, ọba Róòmù, pé ọdún 50 lẹ́yìn ìbí Jésù ni àwọn wà. Caesar ti kú láti ọdún 44 ṣáájú ìbí Jésù, wọn kò sì fi í jọba rí.

Ṣùgbọ́n mo sunkún níbẹ̀, gbogbo ara mi gbọ̀n. Ṣé ẹkún lásán ni?

Ẹkún náà kì í ṣe lásán. Àmọ́ omijé kì í jẹ́rìí sí ọjọ́ àti ibi tí nǹkan ti ṣẹlẹ̀. Èèyàn ń sunkún nídìí fíìmù, èèyàn ń lá àlá tó jí tòun ti ìrọ̀rí tó tutù. Obìnrin tí ọmọ rẹ̀ kú ní ọdún méjì sẹ́yìn lè dé ibẹ̀ kó rí ara rẹ̀ bí ìyá kan ní Íjíbítì tó ń sin ọmọ. Ìbànújẹ́ tó gbé lọ síbẹ̀ ló wọ aṣọ Íjíbítì. Bí ó bá sọkún tán tí àyà rẹ̀ fúyẹ́, mo bá a yọ̀. Ohun tí mo fẹ́ kó ṣe lẹ́yìn rẹ̀ ni kó wá ẹni tí yóò bá sọ̀rọ̀ nípa ọmọ tó kú gan-an, ọmọ tó ní orúkọ.

Ṣé mo lè rántí ọjọ́ tí wọ́n bí mi, tàbí ìgbà tí mo wà nínú ikùn?

Ẹ kò lè rántí rẹ̀. Ìrántí àkọ́kọ́ tí ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ní kì í ṣáájú ọmọ ọdún mẹ́ta; ó máa ń bọ́ sí bí ọdún mẹ́ta sí mẹ́ta àti ààbọ̀. Ìdí ni pé apá ibi tí ọpọlọ ti ń so ìṣẹ̀lẹ̀ pọ̀ mọ́ àkókò àti ibi tó ti ṣẹlẹ̀, tí wọ́n ń pè ní hippocampus, ṣì ń dàgbà lọ́wọ́, ọmọ náà kò sì tíì ní ọ̀rọ̀ tó pọ̀ tó láti fi di ìtàn mú. Ọmọ ọwọ́ ń kọ́ nǹkan o! Ó mọ ohùn ìyá rẹ̀, ó mọ òórùn rẹ̀, ẹ̀rù tó bà á léraléra sì lè fi ipa sílẹ̀ lára rẹ̀. Ohun tí kò ní ni àwòrán tí yóò padà mú jáde lẹ́yìn ogójì ọdún pé dókítà wọ aṣọ àwọ̀ ewé.

Ẹni tó bá ní òun rántí ọjọ́ ìsọmọlórúkọ òun, ẹ ní kó ṣí álíbọ́ọ̀mù ilé wọn. Ẹ ó bá fọ́tò náà níbẹ̀: ìyá àgbà gbé ọmọ dání, abọ́ oyin àti ataare wà lórí tábìlì. Ìgbà tí wọ́n ti ń fi fọ́tò yẹn hàn án tí wọ́n ń sọ ìtàn rẹ̀, ìtàn ilé ti di ìrántí tirẹ̀. Gbogbo wa ló ní irú rẹ̀.

Wọ́n dá mi padà sí ọmọ ọdún mẹ́rin, mo rí i pé ẹnìkan nínú ẹbí ṣe mí níṣekúṣe. Mi ò mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ rí. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì pe ẹnikẹ́ni. Ẹ fara balẹ̀ ka èyí.

Lọ́dún 1995, Elizabeth Loftus, onímọ̀ nípa ìrántí, àti akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà fún èèyàn 24 ní ìtàn mẹ́rin kà nípa ìgbà èwe wọn. Ẹbí wọn ló sọ mẹ́ta nínú rẹ̀. Ẹ̀kẹrin kò ṣẹlẹ̀: pé wọ́n sọnù nínú ilé ìtajà ńlá nígbà tí wọ́n wà ní bí ọmọ ọdún márùn-ún, wọ́n ń sunkún, àgbàlagbà kan sì ràn wọ́n lọ́wọ́. Bí ìdá kan nínú mẹ́rin wọn ló wá “rántí” rẹ̀, odindi tàbí lápá kan. Kò sẹ́ni tó fi hypnosis kan wọ́n. Ìwé lásán ni, àti ìbéèrè lẹ́ẹ̀mejì mẹ́ta. Ẹ wá ro ohun tí wákàtí méjì nínú òkùnkùn lè ṣe, pẹ̀lú olùtọ́jú tó ti gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé ohun kan ti ní láti ṣẹlẹ̀ sí yín.

Ní Amẹ́ríkà láàárín ọdún 1980 sí 1999, irú ìtọ́jú yìí tú ilé ká. Àwọn ọmọ tó ti dàgbà ń padà sílé wá fẹ̀sùn kan bàbá àti ìyá wọn lórí ohun tí wọ́n rí lábẹ́ hypnosis tàbí oògùn. Àwọn kan nínú wọn wá mọ̀ lẹ́yìn ọdún púpọ̀ pé kò ṣẹlẹ̀, ìgbà yẹn òbí ti kú, tàbí ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe. Ní Napa ní California, bàbá kan gbé àwọn tó tọ́jú ọmọ rẹ̀ lọ sílé ẹjọ́, ilé ẹjọ́ sì dá $500,000 fún un lọ́dún 1994. Ọmọ rẹ̀ kò padà sọ́dọ̀ rẹ̀ nítorí owó yẹn. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà Amẹ́ríkà ti kìlọ̀ láti ọdún 1985 pé ìrántí tó bá ti inú hypnosis jáde kò ṣeé gbára lé ju ìrántí ojú lásán lọ. Ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn ọpọlọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà sọ fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wọn lọ́dún 1997 pé kí wọ́n yàgò fún gbogbo ọgbọ́n tí wọ́n fi ń hú ìrántí jáde.

Àwa náà mọ irú rẹ̀ nílé. Ọmọ kò rí iṣẹ́, ó lọ ríran, aríran ní ìyá bàbá rẹ ló di ọ́ lọ́wọ́. Láti ọjọ́ yẹn ni ọmọ náà yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í “rántí”: ọjọ́ tí ìyá fún un ní ẹran tó dùn lọ́nà àràmàǹdà, ọjọ́ tí ìyá wò ó títí lóru. Gbogbo oore ọjọ́ pípẹ́ á yí padà di ẹ̀rí. Ìyá arúgbó tó ń dá gbé, tí ọmọ-ọmọ rẹ̀ kì í kí i mọ́, tí kò sì mọ ohun tó ṣe, ló wà lọ́kàn mi bí mo ṣe ń kọ ìdáhùn yìí.

Èyí kò wá sọ pé kí a má gba ẹni tí wọ́n fìyà jẹ lọ́mọdé gbọ́. Ìwà ìkà yẹn wà, ó pọ̀ nínú ilé wa ju bí a ṣe ń gbà lọ. Ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn tó ṣẹlẹ̀ sí kò gbàgbé rí; ẹni tí wọn yóò sọ ọ́ fún ni wọn kò rí, tàbí wọ́n sọ ọ́ tí wọ́n ní kí wọ́n panu mọ́. Ẹni tó bá ti mọ̀ látọjọ́ pípẹ́, ẹ gbà á gbọ́, ẹ dúró tì í. Bí nǹkan bá sì tún wá sọ́kàn yín fúnra rẹ̀ láìsí ẹni tó ń fà á jáde, ẹ gbé e lọ bá oníṣègùn tó mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ohun tí mò ń sọ kan ohun tí kò sí lọ́kàn yín rárá kí ẹ tó wọ yàrá yẹn.

Àwa Yorùbá gbà pé èèyàn ń tún ayé wá. Ṣé ìyẹn kò ti ọ̀rọ̀ wọn lẹ́yìn?

Bẹ́ẹ̀ ni, a gbà. Babátúndé, Yétúndé, Ìyábọ̀, orúkọ wọ̀nyí kì í ṣe ẹ̀ṣọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí tiwa ṣe rí. Ẹni tó kú nínú ẹbí ló ń padà sínú ẹbí náà. Ìṣesí ọmọ, ojú rẹ̀, àlá tí ìyá lá nígbà oyún, ni ará ilé fi ń mọ̀ ọ́n. Bí ó bá kan ti Ifá, babaláwo ni wọ́n ń pè sí ẹsẹ̀ńtayé; wọ́n á fi ẹsẹ̀ ọmọ tuntun kan ọpọ́n, odù tó bá jáde ló máa sọ irú ẹni tó wá àti ohun tó gbọ́dọ̀ yẹra fún. Bàbá àgbà kan náà lè padà wá bí ọmọ méjì mẹ́ta nínú ilé lẹ́ẹ̀kan náà, síbẹ̀ wọ́n á ṣì máa pè é lójú oórì rẹ̀ nígbà ọdún egúngún.

Nínú gbogbo èyí, kò sẹ́ni tó bi ọmọ pé kí ló rántí. Ìgbàgbọ́ wa ni pé èèyàn kúnlẹ̀ yan ìpín lọ́run, ó sì gbàgbé rẹ̀ bó ṣe ń wọ ayé. Ọ̀rúnmìlà ló wà níbẹ̀, òun ni Ẹlẹ́rìí Ìpín, ìdí nìyẹn tí a fi ń lọ bi Ifá. Ẹni tó bá wá sọ fún Babátúndé pé kó sùn sórí àga kó rántí bó ṣe jẹ́ ọmọ ọba ní Íjíbítì, ohun tuntun ló gbé dé. Ó lè fẹ́ ẹ tàbí kó kọ̀ ọ́, àmọ́ kó má sọ pé ohun tí bàbá wa fi sílẹ̀ nìyẹn.

Olùtọ́jú kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní àbíkú ni mí láyé ìṣáájú, ìdí nìyẹn tí mo fi ń ṣàìsàn.

Ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kí ẹ mọ jínótáìpù yín. Ọ̀pọ̀ ilé tí wọ́n ti ń sọ ọmọ ní Málọmọ́, Kòkúmọ́ àti Dúrójayé, àrùn fòníkú-fọ̀ladìde ló ń pa ọmọ wọn, ibà sì ń pa àwọn mìíràn. Ẹ má sanwó fún ẹnikẹ́ni kó dá yín padà sí ibi tí a ti mọ ohun tó wà níbẹ̀.

Àwọn ọmọ kéékèèké tó ń sọ pé àwọn ti wà rí ńkọ́? Wọn kò fi hypnosis kan ọmọ kankan.

Ìbéèrè tó lágbára nìyí. Ian Stevenson, oníṣègùn ọpọlọ ní University of Virginia, fi ọ̀pọ̀ ọdún ayé rẹ̀ ṣe iṣẹ́ yìí títí tó fi kú lọ́dún 2007. Ìròyìn irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ tí òun àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ kó jọ ju 2,500 lọ, láti India, Lebanon, Sri Lanka àti ibòmíràn. Ó wá sí Nàìjíríà pẹ̀lú, ó sì kọ̀wé nípa ìgbàgbọ́ àwọn Ígbò nípa àtúnwá. Àwọn ọmọ náà máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ ní ọmọ ọdún méjì sí mẹ́rin, wọ́n sì máa ń dákẹ́ tí wọ́n bá fi tó ọdún mẹ́jọ. Àwọn onímọ̀ mìíràn kò gbà pé ó fìdí ọ̀rọ̀ náà múlẹ̀, nítorí ẹbí ọmọ náà àti ẹbí ẹni tó ní òun jẹ́ rí máa ń ti pàdé kí olùwádìí tó dé. Ohun tó yẹ kí àwọn tó fẹ́ràn ìtọ́jú ìpadàsẹ́yìn mọ̀ ni pé Stevenson fúnra rẹ̀, tí àtúnwá wù ú gbọ́, kò fọkàn tán ohun tó ń ti inú hypnosis jáde, ó sì kìlọ̀ fún àwọn èèyàn nípa rẹ̀.

Ṣé ó ń wo ẹ̀rù àti àìróorunsùn sàn?

Ara tó rọ̀ fún wákàtí méjì, pẹ̀lú ẹni tó fi sùúrù gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹni, á mú ìtura wá fún ẹnikẹ́ni. Ìyẹn kò nílò ayé ìṣáájú. Ẹni tí omi ń bà lẹ́rù, ìtọ́jú tó ní ẹ̀rí ni kí wọ́n mú un sún mọ́ omi díẹ̀díẹ̀: kó wò ó lókèèrè, kó ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, kó dúró títí àyà rẹ̀ yóò fi rọlẹ̀. Bóyá ó kú sínú odò lọ́dún 1700 tàbí kò kú, ìtọ́jú náà kò yí padà.

Ta ni kò gbọ́dọ̀ dé ibẹ̀ rárá?

Ẹni tó ti gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́ rí, tàbí tí ọpọlọ rẹ̀ ti dàrú nígbà kan. Ẹni tó ń ro ikú. Ẹni tí ìjàǹbá tàbí ìfipábánilòpọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí. Ọmọdé. Ẹni tí ẹjọ́ rẹ̀ wà nílé ẹjọ́, nítorí agbẹjọ́rò apá kejì á sọ pé hypnosis ti ba ẹ̀rí rẹ̀ jẹ́, ó sì lè jàre.

Ṣọ́ọ̀ṣì mi kò fọwọ́ sí i.

Ẹ̀sìn Kristẹni àti Ìsìláàmù kò gba àtúnwá, nítorí náà ẹ mọ ohun tí ẹ ń bá lọ síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́ yín nìyẹn, mi ò ní bá yín dá sí i.

Mo ti pinnu láti lọ. Kí ni kí n bèèrè lọ́wọ́ wọn?

Ẹ bèèrè irú ìwé ẹ̀rí tó ní àti ẹgbẹ́ tó lè bá a wí bó bá ṣe àṣìṣe. Ẹ̀kọ́ òpin ọ̀sẹ̀ kan ti tó fún ọ̀pọ̀ nínú wọn láti gbé pátákó kọ́. Ẹ bi í pé, “Bí mo bá dé ibẹ̀ tí mi ò rí nǹkan kan, kí lẹ máa ṣe?” Ẹni tó bá ní kò sí ohun tó burú níbẹ̀ sàn. Ẹni tó bá ní gbogbo èèyàn ló ń rí nǹkan bí wọ́n bá ti ṣí ọkàn sílẹ̀, ẹ dìde. Ẹ gba ohùn gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ sórí fóònù, kí ẹ lè padà gbọ́ ohun tí òun sọ ṣáájú kí ẹ̀yin tó sọ tiyín. Ẹ má dá oògùn tí dókítà fún yín dúró. Bí wọ́n bá sì ní kí ẹ san owó ìgbà mẹ́wàá pọ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ kọ̀.

Mo ti lọ, ohun tí mo rí ń dà mí láàmú, mi ò sùn mọ́.

Lónìí, kí ó tó pọ̀ mọ́ra wọn, ẹ mú ìwé kan, ẹ kọ ohun tí ẹ ti mọ̀ kí ẹ tó lọ sí ojú kan, ẹ kọ èyí tó jáde níbẹ̀ sí ojú kejì. Ẹ má wá ayé náà lórí Google, gbogbo ohun tí ẹ bá kà níbẹ̀ á wọnú ìtàn náà. Ẹ má padà sọ́dọ̀ olùtọ́jú náà kó lè “parí rẹ̀”.

Lẹ́yìn náà, ẹ wá oníṣègùn ọpọlọ. Ní Nàìjíríà, Aro ní Abẹ́òkúta àti Yaba ní Èkó wà, kì í ṣe wèrè nìkan ni wọ́n ń tọ́jú níbẹ̀. Ní Aro yẹn náà ni Adéoyè Lambo, oníṣègùn ọpọlọ, ti pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra ní àwọn ọdún 1950, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, nítorí náà ẹ lè sọ ọ̀rọ̀ àtúnwá níwájú dókítà láìtijú. Ẹ̀yin tó wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, GP yín, ìyẹn dókítà àdúgbò yín, ni kí ẹ kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀. Ẹ gbé ìwé olójú méjì yẹn dání lọ.